Kí ẹ tó lẹ fóòmù mọ́ ògiri: bí ẹ ṣe lè dín ariwo àti gbígbọ̀n kù nínú ilé

Ìbéèrè táwọn èèyàn sábà máa ń bi mí ni pé "fóòmù wo ló dáa jù tí mo lè lẹ mọ́ ògiri kí n má gbọ́ ariwo aládùúgbò mi mọ́?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú, torí ohun tí mo máa ń sọ ni pé kò sí. Kò sí fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kankan tẹ́ ẹ máa lẹ mọ́ ògiri táá dá ohùn aládùúgbò dúró, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ oníṣóńṣó, ìbáà jẹ́ èyí tó rí gbágungbàgun bíi páálí ẹyin. Mo ti wọ yàrá kan rí tí wọ́n lẹ fóòmù yí po, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àjà, owó kékeré kọ́ ni wọ́n ná sí i, mo jókòó síbẹ̀ mo sì ń gbọ́ ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ilé kejì, kò sí gbólóhùn kan tí mi ò lè tún sọ. Ó dùn mí gan-an fún ẹni tó ni yàrá yẹn, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, kí owó ẹlòmíì má bàa wọmi bíi tiẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ariwo gbà wọlé

Ọ̀nà méjì ni ariwo ń gbà débi tẹ́ ẹ wà. Ọ̀kan ń gba inú afẹ́fẹ́: ohùn èèyàn, rédíò, mọ́tò tó ń kọjá, ajá tó ń gbó. Èkejì ń gba ara ilé fúnra ẹ̀: ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lókè, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, pọ́ǹpù omi, ẹ̀rọ ìfọṣọ, jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá mọ́. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú irin ó ń rìn ju mítà 5,000 lọ, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi òòlù kan páìpù nísàlẹ̀ pátápátá fi máa ń dà bíi pé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì yín ló dúró sí.

Oògùn àwọn méjèèjì ò jọra rárá, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ ṣe báyìí: lálẹ́, nígbà tí ariwo náà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n tiyín, ẹ dúró láàárín yàrá, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rìn lọ sí ìdí fèrèsé, sí ìdí ilẹ̀kùn, ẹ gbé etí lé ògiri kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lé ilẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan páìpù omi, ẹ fi kan férémù fèrèsé. Tó bá jẹ́ ìdí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ló ti ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n lára kí etí tó gbọ́ ọ dáadáa, ara ilé ló gbé e.

Obìnrin kan pè mí pé kí n wá bá òun wo ariwo kan tó máa ń hùn ní gbogbo òru, kò jẹ́ kó sùn, ó ti ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù kún ògiri tó kọjú sójú pópó torí ó dá a lójú pé ibẹ̀ ló ti ń wá. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri yẹn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí páìpù omi gbà kọjá, ṣe ni páìpù yẹn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Pọ́ǹpù omi ni, ó wà nísàlẹ̀, àjà mẹ́ta ló sì wà láàárín òun àti yàrá obìnrin yìí. Kò sí iye bọ́ọ̀dù tí wọ́n lè kàn mọ́ ògiri ojú pópó táá mú un dákẹ́. Màá padà sọ́rọ̀ pọ́ǹpù yẹn.

Ohun tó ń mu ohùn yàtọ̀ sí ohun tó ń dí i lọ́nà

Ní 1895, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan wà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò ti gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ yé, torí téèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn ẹ̀ á máa dún káàkiri fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 àti ààbọ̀ kó tó kú. Wọ́n ní kí olùkọ́ físíìsì kan tó ń jẹ́ Wallace Sabine wá nǹkan ṣe sí i. Òru ló máa ń lọ ṣiṣẹ́ nígbà tí ìlú bá ti dákẹ́, ó lọ kó tìmùtìmù àga láti tíátà kan tó wà nítòsí, ó ń kó wọn wọ gbọ̀ngàn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fun fèrè ọ̀gáànù, ó ń fi aago wọn bí ohùn ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó pòórá. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn ń tètè kú. Ibẹ̀ ni ìṣirò táwọn oníṣẹ́ ohùn ṣì ń lò dòní ti wá: ẹ fi 0.161 sọ ìtóbi yàrá di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi iye tí gbogbo ohun rírọ̀ inú ẹ̀ lè mu pín in. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 4, tó gùn ní 5, tó ga ní 3, tí ohun tó ń mu ohùn nínú ẹ̀ bá tó mítà alápá mẹ́rin 10, ohùn á pẹ́ nínú ẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Iṣẹ́ fóòmù nìyẹn o, iṣẹ́ tìmùtìmù Sabine ló ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí ohùn tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ nínú yàrá tètè kú, ó dáa fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó dáa fún kíláàsì, fún ilé ìjọsìn, fún ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan lè dí ohùn lọ́nà, ẹ gbé e mọ́ ẹnu kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí atẹ́gùn bá gba inú ẹ̀ kọjá sódì kejì, ohùn náà á gba ibẹ̀. Ohun tó ń dí ohùn ni ohun tó wúwo tí ò sì lu: búlọ́ọ̀kù, kọ́ńkéré, gíláàsì tó nípọn, bọ́ọ̀dù jípísọ́ọ̀mù (bọ́ọ̀dù funfun tí bébà bo ojú ẹ̀ méjèèjì). Fóòmù funfun tó ń rún wóróworó, tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́, kò wúwo, atẹ́gùn ò sì gba inú ẹ̀, torí náà kò mu ohùn kò sì dí i, ẹ má ná owó yín sí i fún ariwo.

Tẹ́ ẹ bá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọjà, NRC ń sọ bó ṣe ń mu ohùn tó (0.9 túmọ̀ sí pé ó ń mu nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tó bà á), STC tàbí Rw ló ń sọ bí ògiri ṣe ń dí ohùn tó. Nọ́ńbà STC tàbí Rw yẹn, ti odindi ògiri tí wọ́n kọ́ tán tí wọ́n sì wọ̀n ni, kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ògiri tó bá jẹ́ 35, ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹni tó gbóhùn sókè ń sọ. Tó bá ti kọjá 50, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń sọ. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe le tó; dẹ́síbẹ̀lì 10 tẹ́ ẹ bá yọ kúrò, etí máa gbọ́ ọ bíi pé ariwo náà ti dín sí ìdajì.

Ìlù ńlá àti básì orin tún le ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìgbì ohùn tó jẹ́ 100 Hz (ìyẹn, tó ń gbọ̀n nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) gùn tó mítà 3.4, kí ni fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Òwú tó nípọn gan-an, ògiri tó wúwo, àlàfo tó fẹ̀, àwọn nìkan ló lè bá básì fà á.

Ihò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ariwo ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, mi ò sì mọ nǹkan míì tówó tẹ́ ẹ máa ná sí i kéré tí èrè ẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Tí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ògiri bá ṣí sílẹ̀, bó ti wù kí ìyókù nípọn tó, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ní dí ju dẹ́síbẹ̀lì 20 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn ṣàpẹẹrẹ. Ògiri yín jẹ́ mítà alápá mẹ́rin 10, ilẹ̀kùn inú ẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, àyè tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, àyè tí aáyán fi ń wọlé lásán. Àyè yẹn nìkan ti tó láti so gbogbo ògiri náà mọ́ dẹ́síbẹ̀lì 30, kódà tẹ́ ẹ bá kọ́ ògiri tó yẹ kó dí 50. Ẹ wò ó, ẹ ti ra ohun tó dí 50, 30 lẹ̀ ń lò.

Bí wọ́n ṣe ń wá ihò: ẹ pa iná yàrá lálẹ́, kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì dúró lódì kejì kó máa tàn án síbi etí ilẹ̀kùn, etí fèrèsé, ibi tí páìpù àti wáyà gbà wọlé, ibi tí ògiri ti pàdé àjà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ohùn ń yọ níbẹ̀. Fún fèrèsé, ẹ há bébà sí i kẹ́ ẹ tì í pa, tí bébà bá yọ wẹ́rẹ́ láìya, rọ́bà etí ẹ̀ ti gbó nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ihò kékeré, ẹ fi síláǹtì tí kì í le dí i, irú èyí tó máa ń wà rọ́bàrọ́bà títí ayé, kì í ṣe síméńtì, torí ilé máa ń sún díẹ̀díẹ̀ bí òtútù àti ooru ṣe ń bá a jà, síméńtì á sán, ihò á padà. Ihò tó bá fẹ̀, ẹ fi òwú rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe) há inú ẹ̀ dáadáa ná kẹ́ ẹ tó fi síláǹtì bo ojú ẹ̀ lódì méjèèjì. Fóòmù tí wọ́n ń fún láti inú agolo tó máa ń wú, ó dáa fún atẹ́gùn, àmọ́ ó fúyẹ́ jù fún ohùn, tẹ́ ẹ bá lò ó ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó wúwo bò ó. Ẹ má gbàgbé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná o. Ní ọ̀pọ̀ ilé, sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá kan àti ti yàrá kejì máa ń fẹ̀yìn kanra nínú ògiri kan náà, ó wá dà bíi fèrèsé kékeré láàárín yàrá méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná pa iná pátápátá kó tó sún ọ̀kan kúrò, tàbí kó fi amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn bo ẹ̀yìn àpótí ẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó bá ń dún kókókó tẹ́ ẹ bá kàn án, inú ẹ̀ ṣófo, ẹ fi èyí tí igi kún inú ẹ̀ rọ́pò ẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́bà yí etí ẹ̀ ká, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé. Fún fèrèsé, gíláàsì alápapọ̀ tó ní ike láàárín dáa ju gíláàsì lásán tó nípọn bíi tiẹ̀ lọ, torí ike yẹn ló ń pa gbígbọ̀n gíláàsì. Gíláàsì méjì tí àlàfo wọn ò ju mìlímítà 12 lọ, nítorí ooru àti òtútù ni wọ́n ṣe ṣe é, kò fi bẹ́ẹ̀ ran ariwo ojú pópó lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni fèrèsé kejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí àlàfo wọn tó mìlímítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí nínípọn gíláàsì wọn má sì dọ́gba. Kọ́tìnì ò ní dí ariwo, ẹ máa lò ó fún ẹwà àti òkùnkùn.

Ògiri

Téèyàn bá sọ ìwúwo ògiri di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 5 sí 6 péré ló máa rí jẹ. Ẹ rò ó wò, ẹ fẹ́ fi ògiri búlọ́ọ̀kù míì ti ti tẹ́lẹ̀, ẹ pàdánù àyè, owó búlọ́ọ̀kù lọ, dẹ́síbẹ̀lì 6. Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé yíya nǹkan méjì sọ́tọ̀ síra wọn ló lérè jù: kí ògiri méjì wà tí wọn ò fara kanra, kí òwú wà láàárín wọn. Tí ohùn bá gbọn ti àkọ́kọ́, kò ní rí ohun tó máa dì mú láti dé ti èkejì.

Ẹ dí gbogbo ihò ògiri tó wà nílẹ̀ ná. Ẹ wá gbé férémù tuntun sí iwájú ẹ̀, kó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ ó kéré tán, kó má kàn án níbì kankan, kí ìsàlẹ̀ àti òkè férémù jókòó lórí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tẹ́ rockwool tàbí òwú gíláàsì tó nípọn ní mìlímítà 50 sí 100 sáàárín férémù, kó kún àmọ́ kẹ́ ẹ má kì í pọ̀ bíi pé ẹ̀ ń ki òwú sínú ìrọ̀rí, òwú tí wọ́n kì le gbagidi ti di afárá tí ohùn ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ kan bọ́ọ̀dù jípísọ́ọ̀mù mìlímítà 12.5 ní ìpele méjì, kí ojú ibi tí bọ́ọ̀dù ìpele kejì ti pàdé má bọ́ sórí ti ìpele kìíní. Tówó bá wà, ẹ fi gọ́ọ̀mù apagbígbọ̀n tí kì í gbẹ sáàárín ìpele méjèèjì. Kí bọ́ọ̀dù má fara kan ilẹ̀, àjà tàbí ògiri ẹ̀gbẹ́, ẹ fi nǹkan bíi mìlímítà 5 sílẹ̀ yí ká kẹ́ ẹ sì fi síláǹtì yẹn kún un.

Tí àyè ò bá gba férémù tó dá dúró, wọ́n máa ń lo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mì jẹ̀jẹ̀ tàbí kílíìpù onírọ́bà láàárín férémù àti bọ́ọ̀dù. Ó dáa, àmọ́ skúrù ni ọ̀tá ẹ̀. Wọ́n pè mí síbi ògiri kan tí wọ́n ti ṣe tán, wọ́n ti kùn ún, ohùn ṣì ń wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń fi oríkèé ìka kàn án láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ó ń dún bọ́mù bọ́mù, ó débì kan ó dún kó, gbọnrangandan. Mo ha ọ̀dà ibẹ̀, mo tú skúrù àkọ́kọ́, ó gùn tó mìlímítà 50 níbi tó yẹ kó jẹ́ 32, ó ti la bọ́ọ̀dù kọjá, ó la irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, ó ti wọ igi férémù lọ. Mẹ́fà irú ẹ̀ ló wà lórí ìlà yẹn. Nígbà tá a tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tá a fi kúkúrú rọ́pò wọn, ohùn yàrá kejì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó nilé ní kí n dákẹ́ kóun lè gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti àwọn oníṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kan bọ́ọ̀dù, ẹ wọn skúrù wọn fúnra yín.

Àṣìṣe míì wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: tí ògiri yín bá ti jẹ́ bọ́ọ̀dù níhìn-ín bọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún pẹ̀lú àlàfo láàárín, ẹ má tún fi bọ́ọ̀dù kẹta sí iwájú ẹ̀ pẹ̀lú àlàfo tínrín míì. Àlàfo kékeré méjì yẹn máa ń dún bíi ìlù, básì á wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tú bọ́ọ̀dù tọ̀dọ̀ yín kúrò ná, ẹ fi òwú sínú, kẹ́ ẹ wá kọ́ ìpele méjì tó wúwo. Ní ti rọ́bà wúwo tí wọ́n ń ká bíi kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń polówó bí idán, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ wúwo ní bíi kílógíráàmù 5 fún mítà alápá mẹ́rin kan, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù mìlímítà 12.5 lásán ti wúwo ju kílógíráàmù 7 lọ fún ìwọ̀n kan náà. Bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kún un, jàre.

Ẹsẹ̀ lókè orí yín

Ẹni tó wà lókè ni oògùn èyí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Rọ́ọ̀gì tó nípọn pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ ẹ̀ lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìdààmú púpọ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Tó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n ṣì ń kọ́ tàbí tí wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe, ilẹ̀ tó ń léfòó ló dáa jù: ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí òwú tó le díẹ̀ sórí kọ́ńkéré, ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù lé e kí omi síméńtì má bàa jò lọ sábẹ́, ẹ wá da ilẹ̀ tuntun lé e. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni etí. Ẹ gbọ́dọ̀ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dúró lóòró yí gbogbo ògiri ká kẹ́ ẹ tó da ilẹ̀, kó ga ju ojú ilẹ̀ tuntun lọ, kẹ́ ẹ má sì gé e títí wọ́n á fi tẹ́ táìlì tán. Ibi kékeré kan tí síméńtì bá ti kan ògiri, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Pákó ìdí ògiri pàápàá, ẹ jẹ́ kó fi mìlímítà díẹ̀ jìnnà sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ àjà tiyín nìkan lẹ ní ẹ̀tọ́ sí, ẹ lè so àjà tuntun kọ́ sórí sípíríǹgì tàbí rọ́bà, ẹ fi òwú sókè ẹ̀, ẹ kan bọ́ọ̀dù ìpele méjì. Ó máa ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ díẹ̀ lára ìró ẹsẹ̀ á ṣì máa gba ògiri ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó náwó.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n

Ẹ́ńjìnì tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń gbọ̀n ní 50 Hz, èyí tó ń yí ìgbà 1,500 ń gbọ̀n ní 25 Hz. Rọ́bà tàbí sípíríǹgì tẹ́ ẹ bá fi sábẹ́ ẹ̀ náà ní gbígbọ̀n tiẹ̀, ẹ lè mọ̀ ọ́n látara bó ṣe ń tẹ̀ sí nígbà tí ẹrù bá gun orí ẹ̀. Tó bá tẹ̀ ní mìlímítà 1, tiẹ̀ jẹ́ bíi 16 Hz, tó bá tẹ̀ ní mìlímítà 4, bíi 8 Hz. Kí ti ẹ̀rọ fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti rọ́bà lọ ni kẹ́ ẹ máa lé. Ẹ̀rọ 25 Hz lórí rọ́bà tó tẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àǹfààní kankan, rọ́bà yẹn ti le jù. Lórí èyí tó tẹ̀ ní mìlímítà 4, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án gbígbọ̀n yẹn ló máa dé ilẹ̀. Torí náà, rọ́bà tẹ́ ẹ bá kàn gé lára táyà tí kò tẹ̀ rárá nígbà tí ẹ̀rọ gùn ún, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wọn ìwúwo ẹ̀rọ yín, ẹ pín in sí iye ẹsẹ̀ tó ní, kẹ́ ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ìwúwo yẹn. Tí ẹ̀rọ bá mì lẹ́ẹ̀kan gbìrìgbìrì nígbà tẹ́ ẹ bá ń tan án tàbí tẹ́ ẹ bá ń pa á, ẹ má bẹ̀rù, ó ń kọjá ibi gbígbọ̀n rọ́bà ni.

Pọ́ǹpù obìnrin yẹn ńkọ́? Bóòtì irin mẹ́rin ni wọ́n fi dè é mọ́ kọ́ńkéré, páìpù irin ló wọ inú ẹ̀ tó sì jáde, irin ni wọ́n sì fi de páìpù mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè. A gbé pọ́ǹpù sórí pèpéle kọ́ńkéré kékeré tó wúwo, a gbé pèpéle yẹn lé rọ́bà mẹ́rin, a fi họ́ọ̀sì onírọ́bà tó ń rọ̀ so ó mọ́ páìpù níwájú àti lẹ́yìn, a sì pààrọ̀ gbogbo irin tó de páìpù sí èyí tó ní rọ́bà nínú. Níbi tí páìpù ti la àjà kọjá, a gbẹ́ síméńtì tó dì í mú kúrò, a fi òwú àti síláǹtì rọ́pò ẹ̀. Họ́ọ̀sì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí pọ́ǹpù tó wà lórí rọ́bà tí páìpù irin ṣì dì mú, ẹsẹ̀ nìkan lẹ tú sílẹ̀ fún un, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lára ilé. Nígbà tá a tan án, mo gòkè lọ fọwọ́ kan páìpù inú kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò mọ nǹkan kan lára.

Fún jẹnẹrétọ̀, èèyàn lè kọ́ ilé kékeré tó wúwo fún un níta, kí rockwool wà nínú, àmọ́ ọ̀nà atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wà, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òwú lè mu ohùn lójú ọ̀nà. Ẹ má pa á dé mọ́lẹ̀ torí ariwo. Ẹ́ńjìnì á gbóná jù, èéfín ẹ̀ sì ní gáàsì kan tí ò lóòórùn tó ń pa èèyàn lójú oorun, torí náà kó jìnnà sílé, kí ẹnu èéfín má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Iná

Èyí ni mi ò lè fi ṣeré. Ní 20 February 2003, ní ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní The Station ní West Warwick ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Amẹ́ríkà, wọ́n yin iná ìran lórí pèpéle, ó ran fóòmù tí wọ́n lẹ mọ́ ògiri nítorí ariwo, èèyàn 100 ló kú. Ní 27 January 2013, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ilé ijó Kiss nílùú Santa Maria ní Brazil, iná mú fóòmù inú àjà, èèyàn 242 ló bá a lọ. Fóòmù mátíréèsì àti fóòmù tí wọ́n fi ń di ẹrù máa ń jó bí epo, èéfín ẹ̀ ní májèlé nínú. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ má gbé e sókè àjà. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò iná ẹ̀ hàn yín, tí wọn ò bá ní, ẹ máa bá tiyín lọ. Rockwool kì í jó, ìdí kan nìyẹn tí mo fi máa ń yàn án. Ẹ má sì torí ariwo dí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé téèyàn lè gbà sá jáde.

Tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kan òwú gíláàsì tàbí rockwool, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbòmú àti awò ojú, torí ó máa ń yún ara gan-an. Àjà àtijọ́ tó rí kángunkàngun tí wọ́n fọ́n mọ́ òkè lè ní asbẹ́stọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn ohun tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ má ha á, ẹ má gé e, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ ná.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé fóònù yín sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi áàpù tó ń wọn ariwo wọn yàrá yín ní aago kan pàtó lálẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n gidi, àmọ́ tó bá jẹ́ fóònù kan náà, ibì kan náà, aago kan náà, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ní 1999 pé kí ariwo tó ń lọ láìdúró nínú yàrá tí wọ́n ń sùn má kọjá dẹ́síbẹ̀lì 30. Ẹ dí ihò, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún ilẹ̀kùn ṣe, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí oorun bá ti wá lórí ìyẹn, ẹ fi owó ògiri sápò.